Ọgọ́rùn-ún Òkúta Pupa

Bí ẹ bá dé Ayétòrò lónìí, tí ẹ sì béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì, wọn yóò na ìka sí ọ̀nà Ìlárá, wọn yóò ní ará Owódé kan ni. Irọ́ ni. Èmi ni. Ẹ̀rọ tèmi ti ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé mi nígbà tí ọkùnrin yẹn kò tíì mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì jókòó tì mí. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, títí kan ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ irin. Gbogbo àdúgbò, títí kan ìyàwó mi, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Òun ní tirẹ̀, ìrẹsì ló ń tà. Ìrẹsì òyìnbó ni, èyí tó funfun báláú, tí kò ní òkúta kankan, tó ń gba ọ̀nà Owódé wọlé. Èmi tí mo jẹ́ alàgbà ìjọ, n kì í béèrè bó ṣe kọjá bodè. Dírẹ́bà kan tó jẹ́ ará Owódé ló máa ń fi píkọ́ọ̀pù já a sílẹ̀ fún un ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. A máa kí mi láti inú ọkọ̀ pé, "Bọ̀ǹjúù, Ẹ̀gbọ́n!" Èmi náà á gbọ́wọ́ sókè, àwa méjèèjì á sì ṣe bí ẹni pé iṣu ló kó wá.

Lọ́dún tí ìjọba ti bodè pa, ohun gbogbo yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti sójà gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ìrẹsì òyìnbó di ohun tí a ń fi ẹnu lásán dárúkọ. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ṣófo, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìlárá. Ìrẹsì yẹn dùn, n kò ní parọ́, ó dùn ju ti òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, ojú títì ni wọ́n ti ń sá a, òkúta inú rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á máa bà á láti tún ki ṣíbí bọ ẹnu.

Oníbàárà kan ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró nígbà náà, ìyá kan tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àpò méjì ló ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ràn yín o, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọlọ́mọ bá fi oúnjẹ mi kán eyín, mo gbé. Ẹ bá mi wá ìrẹsì tí kò ní òkúta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá wá ẹlòmíì lọ."

Ìyàwó mi gbé àtẹ ka itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣa òkúta. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lè parí ìlàjì àpò. Ojú rẹ̀ ń ṣe omi, ẹ̀yìn ń ro ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó ju àtẹ sílẹ̀, ó kọjú sí mi níbi tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn.

"Tíṣà, gbogbo ọdún tí ẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ò wá lè ṣe èyí tó máa bá mi ṣa òkúta?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà lábẹ́ àtíbàbà.

Ohun tí mo ṣe kò le láti ṣàlàyé. Mo gba páànù irin pẹrẹsẹ kan, mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí i, ihò tí ìrẹsì kò lè gbà jáde. Mo gbé e kalẹ̀ kí ó dagun, apá kan ga díẹ̀ ju apá kejì lọ. Mo fi sípíríǹgì tí mo yọ lára ọ̀kadà àlòkù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa gbọ̀n, mo gbé fáànù sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gba inú àwọn ihò náà fẹ́ sókè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá da ìrẹsì sí i, afẹ́fẹ́ á gbé ìrẹsì fúyẹ́, á sì máa ṣàn lọ sí apá ìsàlẹ̀. Òkúta tó wúwo á lẹ̀ mọ́ irin, bí irin bá sì ti ń gbọ̀n ni yóò máa tì í gun òkè díẹ̀ díẹ̀, títí yóò fi já sínú agolo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí òkúta tó ń gun òkè fúnra rẹ̀, mo pariwo. Ìyàwó mi sáré jáde, ó rò pé iná ló gbé mi.

Kí n lè mọ bó ṣe mọ iṣẹ́ tó, mo ṣa ọgọ́rùn-ún òkúta wẹ́wẹ́, mo sì fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí òkúta tó ti wà nínú ìrẹsì tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí ìgò rẹ̀ tó ti gbẹ, ó káwọ́ lérí. "Tíṣà, òkúta lẹ wá ń kun èékánná fún!" Mo po àwọn òkúta náà mọ́ ìrẹsì, mo tan ẹ̀rọ, mo ka iye pupa tó bọ́ sínú agolo. Méjìléláàádọ́rùn-ún ni. Mo fi báírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Ó ti ń wọ́ àpò ìrẹsì bọ̀ kí n tó gbé báírò sílẹ̀.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Kò tíì pásì."

"Ta ni kò tíì pásì?"

"Ẹ̀rọ yìí. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni pásì."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, tí mo sì padà sí gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kankan kì í jáde kúrò nínú yàrá iṣẹ́ bí kò bá gba máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Àga tó ń mì díẹ̀ lè gbé ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n àwa kò ní jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò wà títí ọmọ náà yóò fi tún un ṣe. Ìlànà yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ tó pọ̀, mo sì ń fi í yangàn. Ohun tí n kò rò ni pé kò sẹ́ni tó dúró de àga ọmọléèwé láti jókòó sórí rẹ̀. Ìyàwó mi ń dúró de ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ará Owódé yẹn yà sílé wa. Bodè ti dá a jókòó, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣófo, ó ń wá ẹrù tó lè rù. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ó bá mi dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò rí ẹni tẹ́tí sí i mọ́, ẹ ò gbọdọ̀ bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo fà á lọ síwájú pátákó ìkọ̀wé tí mo gbé kọ́ sábẹ́ àtíbàbà. Mo yàwòrán gbogbo rẹ̀ fún un, páànù, sípíríǹgì, fáànù. Mo sọ ìdí tí òkúta fi ń gun òkè. Mo fi ibi tó yẹ kí páànù ga dé hàn án, mo tilẹ̀ gbé igi tí mo fi ń wọ̀n ọ́n lé e lọ́wọ́. Mo fi òkúta pupa mi hàn án, mo ka máàkì mi sétí rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Ká ní kíláàsì mi ló wà ni, òun ni ǹ bá fi ṣe olórí wọn.

Ìbéèrè tó bi mi kẹ́yìn ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀?"

"Tó bá pásì."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìyàwó mi tó jókòó sẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àtẹ lórí itan. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì lọ.

Mo dẹ sípíríǹgì díẹ̀, ẹ̀rọ gba mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí wọ́n má gbé bẹntiróòlù lọ sí àwọn ilé-epo tó sún mọ́ bodè mọ́, ni epo bá wọ́n bí ojú lọ́dọ̀ tiwa náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi rí epo dá ẹ̀rọ wò. Mo jókòó tì í, mo ń fi fáìlì ra etí páànù títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo rí epo, fáìlì ti yí bí páànù ṣe rí padà, máàkì sì já wálẹ̀ sí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo tún un tò. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ẹyọ kan péré ló kù. Ní gbogbo àkókò yìí ìyá olóúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra àpò kan dípò méjì, ìyàwó mi kò sì béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi mọ́. Àtẹ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń dún ṣàà, ṣàà.

Àfi bó ṣe dọjọ́ kan tí n kò gbọ́ àtẹ. Ó ti ọ̀nà Ìlárá dé, ó da ìrẹsì sínú abọ́ níwájú mi. Ó mọ́ tónítóní.

"Ta ló bá yín ṣa á?"

"Dírẹ́bà wa," ó ní. "Ó ti ní ẹ̀rọ."

Mo gun ọ̀kadà, mo lọ fojú ara mi rí i. Oko tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì gan-an ló gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dúró sí, ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò lo bẹntiróòlù rárá. Férémù kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà ló jó mọ́ ọn, ẹnìkan jókòó lé e ó ń fi ẹsẹ̀ wà á, wíwà yẹn ló ń mi páànù, òun náà ló ń yí fáànù. Páànù ọ̀hún wọ́, etí rẹ̀ rí págunpàgun, kò kùn ún lọ́dà. Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì pẹ̀lú ojú lásán, n kò ní fún un ní àádọ́ta. Àwọn obìnrin sì tò pẹ̀lú àpò láti ibẹ̀ dé abẹ́ igi odán.

"Bọ̀ǹjúù, Ẹ̀gbọ́n!" ó kígbe. "Ẹ wá wo ọmọ yín!"

"Páànù ẹ wọ́," mo ní.

"Ó wọ́ lóòótọ́. Ẹ ò rí méjì tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìwọ̀nyẹn ò ṣeé wò. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá nà án."

Mẹ́ta ló ti ṣe. Láàárín àkókò tí mo fi wá máàkì méjì, ó ti ṣe ẹ̀rọ mẹ́ta, àwọn obìnrin yẹn ló sì ń bá a máàkì wọn.

Mo délé, mo bú ìyàwó mi. Mo ní kí ló dé tí yóò gbé ìrẹsì rẹ̀ fún olè.

"Olè?" ó ní. "Ṣé ó gbé ẹ̀rọ yín lọ ni? Ẹ̀rọ yín ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ tan án, n ò ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá olóúnjẹ padà sí àpò méjì. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣebí nítorí èyí náà ni mo ṣe wọ abẹ́ àtíbàbà. Inú mi kò dùn. Ìlara ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ó ń jẹ mí bí ìyà.

Ìwà tí mo wá hù, tíṣà nìkan ló lè hù ú. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyàwó mi ti di àpò méjì tó fẹ́ gbé lọ, ó wọlé lọ mú ìborùn. Mo tú ẹnu àpò kan, mo da ọgọ́rùn-ún òkúta pupa mi sí i, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, mo pò ó, mo sì tún un dì. Lọ́kàn mi, ìdánwò ni mo ṣe fún ará Owódé. Mo mọ̀ pé ilé ni ìyàwó mi máa ń kó ìrẹsì wá kí ìyá olóúnjẹ tó wá gbé e, mo sì ti pinnu pé màá fi ẹ̀rọ tèmi yọ ìyókù ní kọ̀rọ̀. Ìrẹsì ìbílẹ̀ yìí sì pọ́n díẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní tètè hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, píkọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ará Owódé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan. Kò kí mi ní bọ̀ǹjúù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé òkúta yín sínú ìrẹsì Màmá."

Mo gba ọ̀rá náà, mo da á sórí tábìlì, mo ń kà. Méjìdínláàádọ́rùn-ún! Ẹ dárí jì mí, ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Tèmi gba méjìléláàádọ́rùn-ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá. Mo mú báírò pupa, mo kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀, mo ní, "O fèlì."

Kò bínú. "Àwọn tó kù ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Màmá ń kó ìrẹsì náà bọ̀ wálé."

"Ìyá olóúnjẹ bá Màmá lọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ló ti kó o lọ. Mi ò tíì yọ agolo òkúta nígbà yẹn, ká ní mo rí i ni, mi ò ní jẹ́ kó gbé e." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. "Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí. Màá gbé yín dé ọ̀hún."

Ó yẹ kí n dìde. N kò dìde. Ojú ń tì mí láti lọ dúró síwájú obìnrin yẹn kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún un pé màá lọ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì mo ní òkúta méjìlá nínú odidi àpò, ta ni yóò rí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó mi gbé ìlàjì àpò ìrẹsì wọlé, ó sì gbé ìwé tí a ká kékeré sórí tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kán eyín. Ìyá olóúnjẹ ti wá gbogbo ìkòkò àti abọ́, ohun tó rí ló wà nínú ìwé yẹn, ó sì ti dá ìrẹsì tó kù padà. Ó ní òun kò dá ìyàwó mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ará Owódé gan-an ni òun yóò ti máa rà láti òní lọ.

Ìyàwó mi tú ìwé náà. Òkúta pupa mẹ́sàn-án ni. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Mélòó ló kù?" ó ní.

"Mẹ́ta," mo ní. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní màá lọ bẹ ọmọ tó kán eyín, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò fetí sí mi. Ó dìde, ó wọ́ ìlàjì àpò yẹn lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ẹ tan ẹ̀rọ yín."

Epo wà nínú jẹnẹrétọ̀. Mo tan án. Òun fúnra rẹ̀ ló fi abọ́ bu ìrẹsì lé páànù, títí àpò fi gbẹ. Òkúta ń gun òkè, dúdú, eérú, ọ̀kan pupa. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èkejì tó yọ. Ẹ̀kẹta jáde nígbà tí ìrẹsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo pa ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Ó ṣa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú agolo, ó kó wọn lé mi látẹ́lẹwọ́.

"Ó pásì," ó ní.

Ó gbọn ìyẹ̀fun ìrẹsì kúrò lára ìró rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.